Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Ló Ń Lé Wa Kúrò Nídìí Àsun, Kì Í Ṣe Ìtìjú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́tà arákùnrin kan tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo fẹ́ fèsì sí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gé tèmi kúrú jù, torí pé òun náà sọ tirẹ̀ títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ó ní àwọn obìnrin ìwòyí ò nítìjú mọ́. Ó ní òun rí àwọn abilékọ, àwọn tó ti ní ọmọ-ọmọ, tí wọ́n jókòó sídìí àsun láago méje alẹ́, tí wọ́n ń jẹ ẹran, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín kèékèé bí ọkùnrin. Ó ní ibi tí ọkùnrin ti ń sinmi lẹ́yìn iṣẹ́ ni ìdí àsun, pé bí ẹran bá wu obìnrin ilé ire, kó ránṣẹ́, kí wọ́n dì í wá fún un nílé. Ó wá fi kún un, bí ẹni tó ṣàánú wa, pé ẹran sísun ò tiẹ̀ dára fún ara obìnrin tó ti dàgbà.

Mo ka lẹ́tà yẹn, mo tún un kà. Ó dà bíi pé mo mọ àwọn tó ń bá wí. Ẹ̀rín Ìyá Ìbejì kì í ṣe ẹ̀rín tí èèyàn ń gbọ́ kó gbàgbé.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo sin ìjọba títí ọdún 35 mi fi pé, mo gba ìwé ìfẹ̀yìntì, mo sì padà sí Oǹdó tí wọ́n ti bí mi. Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣọ̀rẹ́. Ìyá Ìbejì ń ta aṣọ lọ́jà. Ẹnì kejì jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ọ̀gá náà la ṣì ń pè é. Ẹnì kẹta ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, a máa ń pè é ní Ìyá Oníkòkó. Òun ló lówó jù nínú wa, òun náà ló sì láhun jù. A jọ ń dá àjọ. Ẹni tó bá kó àjọ lóṣù kan ni yóò gbé wa lọ jẹ àsun ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù náà. Àdéhùn yẹn dára púpọ̀, nítorí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ ò lójú àtisọ pé òun ò lówó lọ́wọ́.

Kí ló dé tí a ò ṣe é nílé? Ìbéèrè yìí ni ọkọ mi pàápàá kọ́kọ́ bi mí. Bí ọ̀rẹ́ mẹ́rin bá pàdé nílé ọ̀kan nínú wọn, onílé ló máa dáná, òun ló máa gbé omi, òun ló máa kó abọ́, òun náà ló máa fọ̀ ọ́. Kò ní jókòó bá wa sọ ọ̀rọ̀ kan délẹ̀. Àlejò ọkọ á dé, yóò dìde. Ọmọ-ọmọ á ké, yóò dìde. Ọkùnrin tó ń lọ sídìí àsun mọ èyí dáadáa: ibi tí kò ti ní dìde ló ń lọ. Àwa náà ti dìde fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹsẹ̀ ń ro wá.

Ní ti pé kí wọ́n dì í wá fún wa nílé, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ará Oǹdó kò mọ ohun tí à ń pè ní àsun. Ọ̀dọ̀ wa ni àsun ti jáde kó tó di ohun tí wọ́n ń gbé káàkiri òde àríyá l'Ékòó àti n'Íbàdàn. Ẹ má bínú, mi ò ka púpọ̀ nínú ti òde àríyá yẹn kún. Wọ́n á bọ ẹran, wọ́n á dín in nínú òróró, wọ́n á wá da ata rodo lé e. Ẹran díndín aláta nìyẹn, ó sì dùn láyè tirẹ̀.

Níbi tí àwa ń lọ (mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, ẹ máa rí ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀), òbúkọ ilé ni bàbá tó ni ín ń lò, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú tí wọ́n ń sìn lábúlé, kì í ṣe àwọn gíga pupa tí ọkọ̀ akẹ́rù ń kó wá láti òkè Ọya. Ó ní ti òkè Ọya lẹ́ran lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní òórùn tí àwọn oníbàárà òun ń wá. Àárọ̀ ni wọ́n ti ń pa á. Wọn kì í bó awọ rẹ̀. Iná ni wọ́n fi ń jó irun rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ ha á, wọ́n á fi kànrìnkàn àti omi fọ̀ ọ́ títí awọ á fi mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á là á láti àyà, wọ́n á kó inú rẹ̀ jáde, wọ́n á fi igi ti itan àti apá rẹ̀ kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ lórí irin. Igi ni wọ́n ń dá sábẹ́ rẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí iná náà jó fòfò. Ẹyinná ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rá á máa kán sórí ẹyinná, á dún ṣàà, èéfín á rú túú, ọmọ tó ń yí ẹran á dijú, á fi èjìká nu omi ojú nù, á tún máa bá iṣẹ́ lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ kánjú, ẹ̀yìn á jó, inú á ṣì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀sán gbọọrọ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ó di ìgbà tí ẹ bá jókòó kí wọ́n tó gé e. Orí ìtì igi ńlá kan ni, ọ̀bẹ ti jẹ àárín rẹ̀ wọlé. Egungun, ẹran, awọ, gbogbo rẹ̀ á jọ gé pọ̀ wẹ́wẹ́. Ata rodo tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé, àlùbọ́sà, iyọ̀, òróró díẹ̀, wọ́n á dà á sínú agbada, wọ́n á da ẹran lé e, wọ́n á rò ó. Awọ yẹn ni èmi ń bá lọ. Ó máa ń yi díẹ̀ lẹ́nu, ẹ óò jẹ ẹ́ jẹ ẹ́, èéfín tó ti mu láti àárọ̀ á wá máa jáde díẹ̀díẹ̀, ata á sì tẹ̀lé e látẹ̀yìn. Ẹ ní kí wọ́n di èyí sínú ọ̀rá, kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e lọ sí Òkè-Àlùkò? Kó tó débẹ̀, ooru inú ọ̀rá ti bọ awọ, ọ̀rá òbúkọ á sì dì funfun mọ́ ọn lára bí àbẹ́là. Ẹ lè gbé e kaná padà. Ajá ilé yín á dúpẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo kó àjọ gbẹ̀yìn.

A dé ibẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ wá bá wa, ó tẹríba, ọmọlúàbí ọmọ ni. Ó ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin màmá. Ṣé kí n dúró kí àwọn dádì dé?”

Ìyá Ìbejì ní, “Dádì wo?”

Ó ní, “Àwọn tí ẹ ń dúró dè, mà.”

Ìyá Ìbejì ní, “Ọmọ mi, ọ̀kan nínú àwọn dádì yẹn ti wà ní sàárè láti ọdún mẹ́ta. Bó bá yọ níbí báyìí, gbogbo wa la máa sá, títí kan ìwọ.”

Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà, bóyá òun ni arákùnrin yẹn gbọ́.

Mo ní kí ọmọ náà bá wa fi ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín kún un. Ó ń ṣẹ́jú. Ó ní àwọn ọ̀gá ọkùnrin tó wà lábẹ́ àgọ́ ló máa ń jẹ ìyẹn. Mo ní ṣé wọ́n ti sanwó rẹ̀ ni? Ó ní rárá, pé wọn ò tíì béèrè, ṣùgbọ́n wọ́n máa béèrè. Nílé bàbá mi, iwe adìyẹ kì í dé ọ̀dọ̀ obìnrin. Ìyá mi á pa adìyẹ, á tu ìyẹ́ rẹ̀, á sè é, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé iwe sórí oúnjẹ bàbá mi. Mi ò bá a jà rí, bàbá mi ló ra adìyẹ. Ṣùgbọ́n òbúkọ tí mo fi owó àjọ mi rà, ta ni mo tún fẹ́ gbé kíndìnrín rẹ̀ fún? Wọ́n gbé e wá ṣá. Ó dùn.

Nígbà tí a jẹun tán, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ọkọ̀ wá láti wá gbé wa relé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ọmọ ọdún 22, owó tó máa fi ra dátà pàápàá, ọwọ́ mi ló ti ń gbà á. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ kí wa lọ́wọ́ ni ọmọkùnrin yẹn dé pẹ̀lú ìwé owó, ó kọjá lára àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i: “Ọ̀gá, owó yín rè é, sà.” Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wo ìwé, ó wò mí, ó tún wo ìwé. ₦27,400. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ POS wá. Síbẹ̀, bí a ti ń jáde, ọ̀kan nínú àwọn tó wà lábẹ́ àgọ́ nawọ́ sí ọmọ náà, ó ní, “Alágbára! O kú ìnáwó àwọn màmá!” Ọmọ náà sì jẹ́ ẹ. Ó ní, “Ẹ ṣeun, sà.” A ṣì ń bá a fà á títí di òní.

Mi ò bínú sí ọmọ tó gbé ìwé owó yẹn. Ohun tó ti rí láti ìgbà tó ti gbọ́n ló ń ṣe. Arákùnrin tó kọ lẹ́tà ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ, nítorí pé àṣà Yorùbá ló ní òun ń gbèjà. Ó dára, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àṣà. Nílùú tí mo ti ń kọ̀wé yìí, ìtàn tí wọ́n sọ fún wa láti kékeré ni pé obìnrin ló kọ́kọ́ jọba lórí wa. Pupupu lórúkọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló sì jẹ tẹ̀lé e. Títí di òní, a ní Lóbùn, ọba obìnrin, tí ọ̀ràn ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ní ipa tirẹ̀ tí a bá fẹ́ fi Oṣemàwé, ọba ìlú wa, jẹ. Mi ò ní Lóbùn máa ń wá sídìí àsun o. Ọba ni, ọba kì í jẹun ní gbangba. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi àṣà lé obìnrin wọ yàrá, kó má bẹ̀rẹ̀ láti Oǹdó.

Kí ó sì wo ẹran tó wà níwájú òun fúnra rẹ̀. Lábúlé, ta ló ń sin òbúkọ, tó ń ju èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́ sí i láràárọ̀? Ta ló jókòó ti ata rodo lọ́jà láti ìdájí? Iyán tó jẹ lọ́sàn-án kó tó wá jẹ àsun nírọ̀lẹ́, bùkà obìnrin ló ti jẹ ẹ́. Bí a bá ń tà, a ò bàjẹ́. Ìgbà tí a bá jókòó láti jẹ ni ojú ń tì í fún wa.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ló dùn mí jù. Nígbà tí wọ́n ń sin ọkọ rẹ̀, màlúù méjì ni wọ́n pa. Àwọn ọkùnrin tí kò mọ olóògbé náà rí jẹ ẹran, wọ́n mu ọtí, wọ́n di tilé sínú ọ̀rá. Ẹni tí ọkọ kú fún wà nínú yàrá, ẹ̀kọ ni wọ́n gbé wá fún un, kò sì lè jẹ ẹ́. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn nípa ìtìjú lọ́jọ́ náà. Nígbà tó bọ́ ọ̀fọ̀, tó tún ń bá wa jáde, ó ti di ọ̀rọ̀: opó ń jẹ àsun, ta ló ń ra á fún un? Kò sẹ́ni tó ń ra á fún un. Aṣọ ló ń tà.

Ní ti ìlera tó mẹ́nu bà, ibẹ̀ ni mo ti rẹ́rìn-ín, torí pé iṣẹ́ mi nìyẹn. Ní ọdún 2015, àjọ tó ń ṣèwádìí nípa àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ẹran pupa mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ. Wọ́n ka ẹran tí a fi iyọ̀ tàbí èéfín tọ́jú kó má bàa bàjẹ́ mọ́ èyí tó dájú pé ó ń fà á, wọ́n sì mẹ́nu ba jẹjẹrẹ ìfun. Ọ̀rá tó ń kán sínú iná àti ibi tí ẹran ti jó dúdú, ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde kò dára, òótọ́ ni. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ti obìnrin nìkan ni. Àwọn tó wà lábẹ́ àgọ́ yẹn, bí mo bá kọjá lọ́jọ́ Mọ́ńdè wọ́n wà níbẹ̀, bí mo bá kọjá lọ́jọ́bọ̀ wọ́n wà níbẹ̀, tàwọn ti ìgò. Àwa ń lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo sì máa ń gé ibi tó bá jó dúdú sọnù, Ìyá Oníkòkó á ní mò ń fi owó ṣòfò, á ṣà á jẹ. Bó bá jẹ́ ìfun ló ń ká arákùnrin wa lára, kó lọ jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

A mọ bí a ṣe ń ṣọ́ra. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí àrùn anthrax, tó ń ti ara ẹran ran èèyàn, bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, tí ìjọba àpapọ̀ ní kí a yẹra fún pọ̀nmọ́, ẹran ìgbẹ́ àti ẹran tí a fi èéfín yan, èmi ni mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ó tó gẹ́ẹ́ ná. Ní oṣù keje ni wọ́n rí i lára àwọn ẹran ọ̀sìn kan ní Suleja, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Bàbá alásun pè mí, ọjà rẹ̀ ti dá. Ó ní kí n wá wo òbúkọ náà pẹ̀lú ojú ara mi lóòyẹ̀, kí wọ́n tó dúńbú rẹ̀. Mo sọ fún un pé nọ́ọ̀sì èèyàn ni mí, pé dókítà ẹran ni kó pè, ó sì pè é. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀ ni mo fẹ́ jẹ́ pẹ̀lú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Bí ẹ bá bi mí pé kí ló ń lé obìnrin kúrò nídìí àsun, mi ò ní dárúkọ ìtìjú. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni.

Ibi tí à ń lọ yẹn, tí ẹran wọn dùn tó báyìí, kò ní. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín, ògiri ẹ̀yìn ilé ni wọ́n máa júwe. Ọkùnrin á lọ, á kẹ̀yìn sí ayé, á padà wá máa bá ìtàn rẹ̀ lọ, kì í tilẹ̀ fọwọ́, ọwọ́ yẹn náà ló máa fi mú ẹran nínú abọ́ tí òun àti ọ̀rẹ́ jọ ń jẹ. Àwa ńkọ́? Ọ̀gá kì í mu omi láti ọ̀sán ọjọ́ tí a bá ń lọ. Ata á máa ta á, imú á máa ṣomi, ọtí ẹlẹ́rìndòdò á wà níwájú rẹ̀, ètè lásán ló ń fi kàn án. Ìyá Oníkòkó máa ń ní ká dìde láago méje àbọ̀, a ò sì tíì dé ìdajì ọ̀rọ̀. Kí obìnrin tó ti lé lẹ́ni 60 ọdún máa di ìtọ̀ mú, kó sì máa sá fún omi, ẹ bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù obìnrin bóyá ó dára. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Ìbejì lọ kan ilẹ̀kùn ilé aládùúgbò ibẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lo tiwọn. Wọ́n gbà. Ìyá àgbà ilé náà ní òun kì í bínú sí i, pé obìnrin tó ń ti ìdí àsun wá kan ilẹ̀kùn òun kì í ṣe ẹyọ kan.

Ẹ ò rí i pé àwọn obìnrin mìíràn ń lọ!

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí Àṣẹ 009, pé kí ìgbẹ́ yíyà sí gbangba kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà nígbà tó bá fi máa di 2025. Ọdún 2025 dé, ògiri ẹ̀yìn ilé ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá ní wolé-wolé ti wọ àdúgbò, àwọn ìyá wa á máa sáré da omi inú ìkòkò nù kí wọ́n má bàa bá ìdin ẹ̀fọn níbẹ̀. Ní báyìí, àwọn tó ń já ìwé owó orí fún àwọn oníṣòwò la máa ń rí, wọ́n á gba owó, wọ́n á ní kí wọ́n bá àwọn di ẹran díẹ̀, wọ́n á kọjá lára ògiri yẹn lọ. Bí wọ́n bá lè fún èèyàn ní ìwé àṣẹ láti ta oúnjẹ àti ọtí fún ọgọ́rùn-ún èèyàn lálẹ́ ọjọ́ kan, ó yẹ kí wọ́n bi í léèrè ibi tí wọ́n máa tọ̀ sí.

Iná náà tún wà níbẹ̀. Gílóòbù kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ́ sábẹ́ máńgòrò, àwọn tó wà lábẹ́ àgọ́ ní mẹ́rin. Ẹ̀rọ agbóhùnjáde wọn, mi ò fẹ́ sọ ọ́. Ọ̀gá ní kí n má kọ ìyẹn, pé àwọn ọmọdé náà gbọ́dọ̀ jó, òun náà sì máa ń mi orí sí i. A ò fẹnu kò lórí ìyẹn. A ò sì fẹnu kò lórí ohun mìíràn kan: ọ̀gá fẹ́ kí wọ́n kọ́ yàrá kan fún obìnrin nínú ilé, kí a máa jókòó síbẹ̀. Èmi ò fẹ́. Abẹ́ máńgòrò ni atẹ́gùn wà.

Kí wọ́n sì kọ iye owó sára pátákó. Abọ́ àsun tí à ń rà ní ₦1,500 kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ti di ₦5,000. Mi ò bá wọn jà lórí rẹ̀, mo mọ iye tí òbúkọ fúnra rẹ̀ ti dà. Ṣùgbọ́n iye kan náà ni kí wọ́n máa pè fún wa àti fún àwọn tó wà lábẹ́ àgọ́, kí wọ́n má ṣe máa fi ojú wo ẹni tí wọ́n máa rẹ́ jẹ.

Mo ti bá bàbá alásun sọ ọ́. Ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa jẹ owó, pé oníbàárà òun tó pọ̀ jù, ọkùnrin ni. Mo ní, “Bàbá, bí wọn ò bá rí ibi tọ̀, báwo ni obìnrin ṣe máa pọ̀?” Mo ní kó wo ìlú yìí: UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015, nìyẹn, tó kún fún àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà obìnrin, ilé ẹ̀kọ́ gíga Adéyẹmí nìyẹn, tó ti ń kọ́ olùkọ́ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, ẹgbẹ́ ọjà nìyẹn, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ nìyẹn, gbogbo wọn ló ń dá àjọ, gbogbo wọn ló ń ṣe ìpàdé oṣooṣù. ₦27,400 ni àwa mẹ́rin ná lálẹ́ ọjọ́ kan, láìmu ọtí líle. Kó fi iye ẹgbẹ́ mẹ́wàá ṣe ìṣirò, kó wá wò ó bóyá owó ṣìmẹ́ńtì àti ọpọ́n ìgbọ̀nsẹ̀ méjì ò ní jáde níbẹ̀ kí ọdún tó yí po. Ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ní òun máa bá birikilà sọ̀rọ̀. Ó ti lé lóṣù kan, mi ò tíì rí birikilà. Ìdí nìyí tí mi ò fi dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, àyè àtiṣe é ni mo fún un.

Nítorí náà, Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn òǹkàwé yín ní Oǹdó àti agbègbè rẹ̀: ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń sun òbúkọ lórí iná igi, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ní ilẹ̀kùn, tí ilẹ̀kùn náà ní ìkọ́ látinú, tí omi wà níbẹ̀, kó kọ̀wé sí yín. Ìyá Oníkòkó ló kó àjọ oṣù yìí. Owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì fẹ́ tètè lọ kó tó yí ọkàn padà.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Yàbá, Oǹdó.